Orúkọ ọkọ̀ àti ìṣe ọkọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, kí lẹ rí?

ỌmọBódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́kọ̀. Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ọkọ̀ ilé ni, mi ò ní fi ṣe kábúkábú. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ la máa wà nínú rẹ̀, a sì máa ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde dáadáa. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé, "Ra Toyota, kò sí wàhálà." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá Camry Muscle. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n má fojú di Honda. Oníṣòwò ọkọ̀ kan wá ń fi Pontiac Vibe lọ̀ mí, owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti Toyota Matrix, àmọ́ mo mọ̀ pé gbogbo àlejò ló máa bi mí pé irú mọ́tò wo tún lèyí. Nissan náà wà ńlẹ̀, ó rẹwà, owó rẹ̀ ò sì ga. Mi ò fẹ́ èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn o. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà á, tí ẹ ti náwó sí i, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

ÌyáTádé
Àbúrò, ẹ kú ètò. Corolla 2005 ni mò ń wà ní Abẹ́òkúta níbí. Kò tíì já mi kulẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi fúnra mi ni mò ń ra ọ́ìlì rẹ̀, èmi ni mò ń dúró tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń dà á, tó bá sì ti rin 5,000 kìlómítà, ó yá, ẹ yí i padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó ṣì máa lọ, mi ò dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra Corolla kan náà, ọdún kan náà, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò kan yọ tẹmositáàtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì, dànù, ó ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n wá ń bù sínú rédíétọ̀. Ìpata bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nínú, ihò rédíétọ̀ dí, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Lónìí, tèmi ń rìn, tiẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ń fi ṣeré. Tí wọ́n bá bi àwa méjèèjì pé ṣé Corolla dára, ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn tí oníkálukú máa fún wọn.

Mẹkáníìkì_Gate
Ọ̀gá Bódìjà, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Aràrọ̀mí ní Gate n'Ìbàdàn nìsọ̀ mi wà, mo ń rí àwọn ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́. "Ṣé Toyota dára?" kò ní ìdáhùn. Toyota wo? Ẹ́ńjìnnì wo? Ọdún wo?

Ẹ jẹ́ ká mú Camry. Big Daddy, ìyẹn 2002 sí 2006, àti Muscle, ìyẹn 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tí à ń pè ní 2AZ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nínú Big Daddy, ibi tí àwọn nọ́ọ̀tì tó de orí ẹ́ńjìnnì ti wọ inú búlọ́ọ̀kù ni ẹjọ́ wà. Ojú ihò wọn máa ń jẹ, orí á gbé díẹ̀, omi á máa jò láti ẹ̀yìn níbi tí ojú kò tó, ọkọ̀ á wá máa gbóná. Nígbà tí Muscle máa fi dé, wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe. Ni písítìn bá tún gba ọ̀nà mìíràn yọ: ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì. Kì í ṣe ahesọ. Toyota fúnra rẹ̀ fa àtìlẹ́yìn gùn fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pààrọ̀ písítìn àti ríìngì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí tiẹ̀ bá mu ju kúọ́ọ̀tì ọ́ìlì kan lọ láàárín 1,200 máìlì. Ẹ fi í sí bíi lítà kan láàárín 1,900 kìlómítà. Ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì fìgbà kan kan ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn.

Ṣé ẹ má ra Muscle ni mo ń wí? Rárá o. Mo ní oníbàárà tó ti ń wà á tipẹ́, ọ́ìlì rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀. Mo tún ní èyí tó ń mu, àmọ́ olówó rẹ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo Sátidé, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì wà nínú búùtù rẹ̀, òun náà ń rìn. Ẹni tó gbọ́ pé Toyota kì í bàjẹ́ tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́ta, òun ni wọ́n máa ń fi okùn fà wá bá wa. Ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án dè yín, ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Tó bá tutù, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kí ẹ tó tan án, ẹ wo ibi tó dé. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ dúdú ti gan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí rédíétọ̀ bó ṣe tutù yẹn. Omi tó bá ní ìfófòó bíi mílíìkì, ẹ máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí á fi gbóná dáadáa, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kí ẹlòmíràn wá tẹná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò tán bọ̀rọ̀, omi ni. Dúdú, epo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

ỌmọBódìjà
Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ gan-an? Àwọn oníṣòwò yìí, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè é.

Mẹkáníìkì_Gate
Nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ti Camry tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1. Nínú ti 2007 sí 2011, ẹ ka ìkarùn-ún: E ni 2.4 tí mo sọ yẹn, K ni V6, ìyẹn ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà, F ni 2.5 tó wọlé ní 2010, ìyẹn Spider. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹ wò ó lára ilẹ̀kùn náà bóyá ó bá ti iwájú mu. Tí wọn ò bá jọra, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Tí owó yín bá ká Spider, èmi fẹ́ràn 2.5 yẹn ju 2.4 lọ. V6 náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n wo páìpù ọ́ìlì kan tó ní rọ́bà láàárín lára rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, ọ́ìlì á tú dànù kí ẹ tó mọ̀. Toyota wá páìpù onírin látòkè délẹ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Toyota Avalon àti Lexus ES 350 ìgbà yẹn náà ní i.

Texas_Alákétu
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, láti Houston. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, nítorí ìdí tí wọ́n fi ń pariwo orúkọ yìí, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń wá.

Ìwádìí J.D. Power, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí nípa bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ tó, ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń bi olówó rẹ̀ léèrè. Wọ́n á ka iye wàhálà nínú 100 ọkọ̀. Bí rédíò kò bá gbọ́ ohùn olówó rẹ̀, wàhálà kan nìyẹn. Bí gíà bá já lójú títì, wàhálà kan náà nìyẹn. Consumer Reports, àjọ tó ń dán ọjà wò, ní tiwọn ń bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nípa ohun tó bàjẹ́ láàárín oṣù 12 tó kọjá, wọ́n sì ń wọn ẹ́ńjìnnì àti gíà ju nǹkan wẹ́wẹ́ lọ, ìyẹn sàn díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ọkọ̀ ọlọ́dún 15 lẹ fẹ́ rà. Ẹni mẹ́ta ti lò ó, bóyá omi ti gbé e rí, bóyá wọ́n ti tún ojú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá. Ìwé tí wọ́n fi yin ọkọ̀ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Vibe yẹn wá dùn mọ́ mi. Ní 1984, General Motors àti Toyota dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Fremont, California, tí wọ́n ń pè ní NUMMI. Corolla ń jáde láti orí ìlà iṣẹ́ kan, Geo Prizm ti General Motors ń jáde láti orí ìlà yẹn náà. Ọwọ́ kan náà ló ń tò ó. Síbẹ̀ Prizm ò pa owó tí Corolla ń pa, nítorí bájì. Vibe tẹ̀lé e lẹ́yìn: NUMMI ni wọ́n ti ṣe é, Canada ni wọ́n ti ń ṣe Matrix, ara kan náà ló wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Láti 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8 ti Corolla ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún 2009 àti 2010 tó ní 2.4 o, 2AZ kan náà tí ọ̀gá Gate ń wí ni.

Àbúrò, ọwọ́ Toyota lẹ fẹ́ rà lówó Pontiac. Kí lẹ tún ń rò?

Bàbá_Onípẹ́ńṣàn
Ẹ̀yin ọmọ, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Kí Toyota tó gba ìlú, Peugeot 504 la mọ̀. Kaduna ni wọ́n ti ń tò ó. Mo fi tèmi kọ́ ọmọ jáde ilé ìwé. Ṣé kì í bàjẹ́ ni? Ó ń bàjẹ́! Àmọ́ kò sí abúlé tí mo bàjẹ́ sí, láti Ṣakí dé Okene, tí mi ò rí ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n tú, tó sì ní ẹ̀yà rẹ̀ nínú garawa. Ohun tí à ń pè ní ọkọ̀ tó lágbára nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tú ń darúgbó, orúkọ náà bá a lọ. Irin rẹ̀ ò yí padà.

Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni Texas, Vibe lè jẹ́ ọmọ ìyá Matrix lóòótọ́. Tí wọ́n bá fọ́ iná iwájú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Fremont ni yóò ti lọ rà á?

Mẹkáníìkì_Gate
Bàbá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pín in sí méjì fún yín. Ohun tó bá wà nínú Vibe, bí ẹ́ńjìnnì, gíà, ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì, ẹ gbé ti Matrix tàbí Corolla wá, a máa dì í. Ohun tó wà lójú rẹ̀, bí iná, bọ́ńpà, gíríìlì, tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ lè wá a títí dé ọjà Ladipo l'Ékòó kí ẹ má rí i lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹni tó ń wà á bá máa ń kọlu nǹkan, kó ra Matrix. Ìyàwó yín náà ń wakọ̀, àbí?

ỌmọBódìjà
Ọ̀gá, èmi ni mo máa ń kọlu nǹkan o. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀ 😂

Olùkọ́_Àkúrẹ́
Ẹ má gbàgbé Honda. Accord 2003 tí wọ́n ń pè ní End of Discussion ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ló fi hàn mí pé orúkọ kan lè bo ọkọ̀ méjì mọ́lẹ̀. Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù kan àti 100,000 padà nítorí gíà: gíà kejì máa ń gbóná jù, ó lè kán, gbogbo rẹ̀ á sì gán lójú eré. Accord V6 ti 2003 àti 2004 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Acura TL, Odyssey àti Pilot. Sílíńdà mẹ́rin kò sí nínú rẹ̀. Lójú títì, ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Oníṣòwò á ní V6 ló "bẹ̀ẹ́sì", á tún fowó lé e.

Ẹ tún wo èyí: sílíńdà mẹ́rin yẹn, ṣéènì ló ń yí táímìn rẹ̀. V6, bẹ́líìtì ni, tó ní ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló máa sọ fún yín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ gbẹ̀yìn? Kò sẹ́ni. Ẹ ká owó bẹ́líìtì mọ́ owó ọkọ̀ kí ẹ tó ná an. Ọ́ìlì gíà Honda, ti Honda ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń da ọ́ìlì pupa tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀ sí i, àwọn ló ń ba orúkọ ọkọ̀ jẹ́.

Jídé_Ọ̀ṣogbo
Tó bá di ti Nissan, mo máa sọ̀rọ̀ níwọ̀n, torí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pariwo jù. Gíà CVT, ìyẹn gíà aládàáṣe tí kò ní ìpele kìíní, ìkejì, ló kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n. Nissan fúnra rẹ̀ fa àtìlẹ́yìn CVT ti 2003 sí 2010 gùn ní Amẹ́ríkà títí dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe irú ìyẹn lásán. Tí ẹ bá rí èyí tó ń lo gíà ọlọ́wọ́, ọkọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn, ẹ rà á kí ẹ máa gbádùn.

Ẹ fẹ́ dán CVT wò? Ẹ má wà á yí ká ọgbà oníṣòwò kí ẹ ní ó dára. Nígbà tó bá tutù, gbogbo wọn ló dára. Ẹ gbé e gba àárín sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, kí ara rẹ̀ gbóná, lẹ́yìn náà ẹ fi gun òkè Mọ́kọ́lá. Tó bá ń gbọ̀n tìtì bí ẹ ṣe ń gbéra, tàbí tí ìró ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè tí ọkọ̀ ò sì lọ, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ sì ní orúkọ tirẹ̀, NS-2 ni ti ọ̀pọ̀ wọn nígbà náà, NS-3 ni ti àwọn tó tẹ̀lé e. Ọ́ìlì gíà lásán pa á tán nìyẹn.

Alábòójútó
Ẹ káàbọ̀ gbogbo yín. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò níbí. Ẹ lè sọ ohun tí ojú yín rí, ẹ má dárúkọ oníṣòwò tàbí mẹkáníìkì tó ṣe é fún yín. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀kìtì_ní_Peckham
Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní Britain níbí, kó má wulẹ̀ tẹ́tí sí orúkọ kankan kó tó wo ìwé MOT, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ojú òpó ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí gbogbo ìgbà tó yege àti ìgbà tó fìdí rẹmi, ohun tí wọ́n bá lára rẹ̀, àti iye máìlì rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Máìlì tó bá wálẹ̀ láti ọdún kan sí èkejì, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún má jẹ́ kí ife-ẹ̀yẹ tàn yín. Ẹ́ńjìnnì Ford 1.0 EcoBoost gba ẹ́ńjìnnì tó dára jù lágbàáyé ní 2012, 2013 àti 2014, léraléra. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí nínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì tí kò bá a mu bá wọ ibẹ̀, tàbí tó bá pẹ́ jù kí wọ́n tó yí i padà, bẹ́líìtì á máa fọ́ wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Àwọn onídàájọ́ wo bó ṣe kéré tó, bó ṣe lágbára tó. Ọdún mẹ́wàá kò tíì gorí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún un ní ife.

Ará_Kútọnu
Díẹ̀ ni tèmi. Corolla tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù sí Kútọnu kì í ṣe Corolla Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì 1.4 tàbí 1.6 ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀yà wọn kì í sábà bá ti 1.8 mu. Orúkọ kan náà, ìnáwó ọ̀tọ̀. Láti 2017 sì ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó sanwó.

ÌyáTádé
Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ epo wá, torí ẹ ti ń di ẹ̀bi gbogbo ru ilé iṣẹ́. Ẹ rántí oṣù kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà? Àìmọye pọ́ńpù epo inú ọkọ̀ ló kú lóṣù yẹn. Toyota, Honda, ọlọ́lá, tálákà. Ẹni tí tiẹ̀ kú nígbà náà á máa sọ títí dòní pé ọkọ̀ òun ò dára. Ká tó gba ẹ̀rí ọlọ́kọ̀ kan, ẹ bi í: ìgbà wo ló bàjẹ́, kí ni wọ́n dà sínú rẹ̀, ta ló tú u?

ỌmọBódìjà
Ẹ ṣé o, gbogbo ilé. Mo ń lọ wo Vibe 2006 kan àti Spider kan ní Sátidé, láàárọ̀ kùtù. Ọ̀gá Gate, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ, mo máa sanwó iṣẹ́ yín. Ìbéèrè kan ló kù: Spider tí mo fẹ́ wò yẹn, wọ́n tún ní háíbíríìdì rẹ̀, èyí tó ń lo epo àti bátìrì ńlá, wà ńlẹ̀. Ẹ̀rù bátìrì ń bà mí.

Texas_Alákétu
Níbí, ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì ni Toyota fi ṣe àtìlẹ́yìn bátìrì háíbíríìdì ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ sì kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Tiyín ti kọjá ibẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ jù lọ.

Mẹkáníìkì_Gate
Ẹ má rà á láì so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọn. Kì í ṣe èyí tó kàn ń pa iná dáṣíbọọ̀dù o, èyí tó lè ka agbára ìpín kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an ju àwọn yòókù lọ, ẹ ti mọ owó tó ń bọ̀. Ẹ tún wá ihò tí fáànù bátìrì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ti Prius, háíbíríìdì Toyota mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà. Ẹ ó rí i pé erùpẹ̀ ọyẹ́ ti dí i, tàbí kí ẹnì kan ti kó àpò ẹrù tì í. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi báàgì ilé ìwé dí ibẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Aago méje àárọ̀, kí wọ́n tó ráyè tan án.